Ìpè Etí Odò Omídúdú

Orúkọ kan wà tí n kò pè létí odò láti ọjọ́ tí omi ti gbé ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ. Àṣàbí ni. Ìyàwó mi ni. Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé báyìí nítorí pé omi kì í kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú wa, pé mo ti dàgbà kọjá iṣẹ́, kí n wá kó kọ́kọ́rọ́ páàkì sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ rò, kì í sì í ṣe ibi tí n ó máa gbé. Ohun tí mo rò ni pé: ṣé n ó pe orúkọ yẹn létí odò kí n tó lọ, àbí n ó gbé e mì títí wọn ó fi gbé èmi náà lọ? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa yóò ní kí ló le nínú pípe orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo débẹ̀.

Ìfọ̀nyìn ni ìlú wa, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, níbi tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Odò kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Omídúdú, nítorí pé ó dúdú bí omi aró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó mọ́ kedere. Kò sí afárá lórí rẹ̀ nígbà èwe mi. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló ń gbé ènìyàn kọjá, àti epo pupa, àti àgbàdo, àti gààrì, àti òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin sílé bàbá rẹ̀ ní òdìkejì. Irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà tí bàbá mi mú mi lọ bá Bàbá Oyèédélé, àgbà àwọn atukọ̀, pé kó kọ́ mi níṣẹ́.

“Kí lorúkọ rẹ?” ni Bàbá Oyèédélé bi mí. Ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń jẹ àkàsà.

“Gàníyù, bàbá.”

Ó fi àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ na omi, omi sì ta sí mi lára. Mo fò sókè. “Padà sídìí igi àràbà tó wà lókè yẹn,” ó ní, “kí o lọ gbé Gàníyù sílẹ̀ níbẹ̀ kí o tó wá bá mi.”

Mo lọ. Mo dúró lábẹ́ igi, n kò mọ ohun tó yẹ kí n gbé sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo bọ́ bàtà mi, mo tò ó sídìí igi, mo padà wá láìwọ bàtà. Bàbá Oyèédélé rẹ́rìn-ín títí àkàsà fi há a lọ́fun.

“Orúkọ rẹ ni mo ní kí o gbé sílẹ̀, òpònú, kì í ṣe bàtà! Omi létí. Orúkọ tó bá ti gbọ́, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè pe ẹni tó ni ín. Láti ìdí àràbà yẹn dé òdìkejì, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.”

“Kí ni wọn ó wá máa pè mí?”

“Ológbò,” ó ní. “Ṣebí mo rí bí o ṣe fò nígbà tí omi kàn ọ́.”

Ológbò ni mo sì jẹ́ lórí omi láti ọjọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ìgbín, nítorí pé kò sí ẹni tó lè mú un yára. Fatáì, tí a jọ kọ́ṣẹ́, ń jẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ nítorí ìrìn rẹ̀. Àwọn tí a ń gbé kọjá kò ní orúkọ omi tiwọn. Ọkùnrin ni Bàbá, obìnrin ni Ìyá, ọmọdé ni Ọmọ. Ó tán.

Ó ṣòro fún mi díẹ̀, nítorí Ọlọ́run dá mi ní ẹni tí kì í gbàgbé orúkọ. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn. Títí dòní mo rántí Ràfíátù tó ń ta ìkòkò, mo rántí Dòsú alágbẹ̀dẹ tí etí rẹ̀ kan di, mo rántí Ìyá Fọláṣadé tó máa ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Bí wọ́n bá ti wọkọ̀, n ó pa orúkọ wọn mọ́ ẹnu, n ó ní, “Ìyá, ẹ jókòó sáàárín, ẹ má na ọwọ́ síta.” Bí a bá gúnlẹ̀ tí a sì ti gun òkè dé ìdí àràbà, n ó wá kí wọn lórúkọ. Inú wọn máa ń dùn. Ó dà bíi pé mo dá ẹrù wọn padà fún wọn.

Bàbá Oyèédélé kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọ̀pá wá ìsàlẹ̀ omi kí a tó fara tì í, àti bí a ṣe ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ láìjẹ́ kí èrò mọ̀ pé omi ń wọlé. Ẹni tó bá mọ̀, ẹ̀rù á bà á, á dìde, ẹni tó bá sì dìde nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ti da gbogbo yín sómi. Lẹ́yìn èyí ló wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ìpè.

Ẹni tó bá dé etí odò tí kò bá ọkọ̀ yóò ké. Bó bá wù ú, á ní “Ẹ gbé mi o!”, bó bá sì wù ú, á kàn hó. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ atukọ̀, ì báà jẹ́ àgbẹ̀ tó ń hú ẹ̀gẹ́, ì báà jẹ́ obìnrin tó ń fọṣọ, gbọ́dọ̀ dá a lóhùn pé: “Ó ń bọ̀ o!” Kì í ṣe pé ẹni yẹn mọ ibi tí atukọ̀ wà. Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìpè ènìyàn sílẹ̀ lórí omi láìdáhùn, nítorí bí ènìyàn kò bá dáhùn, nǹkan mìíràn lè dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá sì ti dá lóhùn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Bó bá kúrò, tí ọkọ̀ wá dé tí kò bá ẹnì kankan, ọkọ̀ òfo ni atukọ̀ máa tù padà, ọkọ̀ òfo sì ni wọ́n fi ń wá òkú.

“Bí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?” mo bi í.

“Kó máa rọ̀. Wọ́n ti ní ó ń bọ̀, àbí wọn ò ní?”

Nípa òfin yẹn ni mo fi mọ Àṣàbí. Lọ́jọ́ kan, gbogbo àwa atukọ̀ lọ síbi ìsìnkú kan ní Kò-Kúmólú, a ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé ọpọ́n gààrì dé etí odò ní òdìkejì láàárọ̀, ó ké pé kí a gbé òun. Àgbẹ̀ kan nínú oko rẹ̀ dá a lóhùn: “Ó ń bọ̀ o!” Àgbẹ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó lọ sílé, ó jẹun, ó sùn. Nígbà tí èmi fi dé, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ti dé. Ọmọbìnrin náà ṣì dúró síbẹ̀, ọpọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi gèlè rẹ̀ bò ó.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni mo wí bí mo ṣe ń gúnlẹ̀.

“Ta ni ìyá rẹ?” ó ní. “Ọmọge ni mí nígbà tí mo dé ibí. Dídúró dè ọ́ ló sọ mí di ìyá.”

“Kí ló dé tí o kò padà sílé?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. “Wọ́n ní o ń bọ̀,” ó ní. “Mo sì dúró.”

Nígbà tí a gun òkè dé ìdí àràbà, mo bi í lórúkọ. Ó ní Àṣàbí. Mo gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ẹyin.

Lẹ́yìn tí a bí Sàlíù ọmọ wa ni ìjọba ṣe afárá sí ìsàlẹ̀ odò. Àwọn èrò bá ọ̀nà afárá lọ, koríko sì bo ọ̀nà tiwa. A rò pé iṣẹ́ ti tán. Ni àwọn kan bá wá láti Kútọnu, wọ́n wo etí odò, wọ́n wo igi àràbà, wọ́n wo ilé dùwánì àtijọ́, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ìgbà Faransé ti ń tú ẹrù àwọn ìyá wa wò. Wọ́n ní ibẹ̀ rẹwà, ó sì ní ìtàn, kí wọ́n sọ ọ́ di páàkì ìjọba. Wọ́n ṣe géètì sí i. Wọ́n kọ́ àwọn àgọ́ onímàrìwò tí à ń pè ní payọ́tì, kí àlejò lè jókòó jẹun lábẹ́ wọn. Wọ́n ṣe pápá bọ́ọ̀lù sí òdìkejì, kí àwọn tó bá fẹ́ ṣeré lè wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n gba Bàbá Oyèédélé kí ó máa sọ ìtàn fún àlejò, wọ́n gba èmi àti Fatáì kí a máa tukọ̀ kí a sì máa ṣọ́ géètì, wọ́n sì gba Àṣàbí kí ó máa gbálẹ̀ etí odò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ayé mi kò dùn rí. Ó dùn. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé bá wá láti Àjàṣẹ́, Bàbá Oyèédélé á mú wọn lọ sí ilé dùwánì, á sọ fún wọn nípa ọ̀gá Faransé kan tó máa ń béèrè orúkọ èrò létí omi. Kò sí ẹni tó lè sọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ omi ni gbogbo wọn ń sọ. Ọ̀gá náà, tí kò gbọ́ Yorùbá, á wá dúró lókè, á máa pariwo: “Mùsíyẹ̀ Ìgbín! Madáàmù Ìyá! Mùsíyẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ!” Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọn á dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó kó wọn lọ sídìí àràbà, a ó ní kí kálukú gbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó sì yan orúkọ omi. Ọ̀kan á ní Mọ́tò lòun. Ọ̀kan á ní Tẹlifíṣọ̀n lòun. Mo rántí olùkọ́ wọn kan, Klotídì ni wọ́n ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ bàtà gogoro wá sínú ẹrẹ̀.

“Èmi ńkọ́?” ó bi wọ́n. “Kí lorúkọ omi tèmi?”

“Pàṣán!” ni gbogbo wọn fi ohùn kan dáhùn.

Àṣàbí fi ọwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń lọ sílé, ó yínmú sí mi.

“Ẹ̀ ń fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ omi. Èmi tí mò ń gbálẹ̀ yín látọjọ́ yìí, Ìyá ni mo ṣì ń jẹ́, bíi gbogbo ayé.”

“Fún mi láàyè,” mo ní. “N ó wá èyí tó dára fún ọ.”

“Máa wá a lọ. Ṣebí dídúró dè ọ́ ni iṣẹ́ mi.”

Mo ń wá a lóòótọ́. Mo rò ó títí. Gbogbo èyí tí mo rí kò tó o.

Ó ní eré kan tó máa ń fi mí ṣe. Wọ́n ti sọ ìtàn bàtà mi fún un, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Nítorí náà, lójoojúmọ́ tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ gbálẹ̀ etí omi, á bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ aláwọ̀ ewé sídìí àràbà, á tò ó dáadáa, á ní, “Mo ti gbé orúkọ mi sílẹ̀ o, Ológbò.” Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í dáhùn mọ́.

Ọjọ́ fẹ́ẹ̀tì, ọdún òmìnira kan ni. Páàkì kún bámúbámú. Wọ́n ti Àjàṣẹ́ wá, wọ́n ti Kútọnu wá, wọ́n ti Nàìjíríà wá, àwọn sẹ̀mijàn tó fi alùpùpù gbé wọn wá tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn géètì. Ìdajì èrò wà ní òdìkejì, níbi pápá bọ́ọ̀lù. Òjò ti rọ̀ lókè odò, omi sì ń kún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ṣú. Bàbá Oyèédélé, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, wo omi, ó ní, “Ológbò, Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ lọ kó àwọn ènìyàn wá.”

A ti ọkọ̀ méjèèjì sómi. Àṣàbí wọ ọkọ̀ Fatáì, ó ní òun yóò bá a di àwọn ọmọdé mú. Bàtà rẹ̀ ti wà nídìí àràbà. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, èmi kò sì dáhùn.

Ọkọ̀ tèmi kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Àwọn èrò mi ń gun òkè lọ nígbà tí òjò dé, kì í ṣe òjò tó ń kán, òjò tó ya lulẹ̀ ni. Láàárín odò, lábẹ́ koríko orí omi, kùkùté kan wà tí ìkún omi ti bò. Ọkọ̀ Fatáì gùn ún. Mo gbọ́ bí igi ṣe ya. Mo gbọ́ igbe. N kò rí nǹkan kan, òjò ti di ògiri níwájú mi.

Mo ti ọkọ̀ padà sínú omi. Mo la ẹnu láti pè é. Ẹnu mi, tí ó ti pa orúkọ mọ́ lórí omi láti ìgbà èwe, ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. “Ìyá o!” ló jáde. “Ìyá o!”

Àwọn ìyá sì dáhùn. Gbogbo wọn ló dáhùn. Láti etí odò, láti òdìkejì, láti abẹ́ payọ́tì, gbogbo obìnrin tí kò rí ọmọ rẹ̀ nínú òjò yẹn rò pé ọmọ òun ló ń ké. “Mo wà níbí o!” “Ọmọ mi, mo wà níbí!” “Ibí ni mo wà o!” Mo tún ké, wọ́n tún dáhùn. Láàárín àwọn ohùn yẹn, ọ̀kan wà lápá òsì mi, lẹ́bàá àwọn eèsún, tó jọ tirẹ̀. Mo tukọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Obìnrin kan di ẹ̀ka igi mú níbẹ̀, omi dé ọrùn rẹ̀. Kì í ṣe òun. Mo fà á sínú ọkọ̀. Ẹlísábẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀, ará Kútọnu ni, ó bí ọmọ kan lẹ́yìn náà, ó sì wá fi hàn mí. Kí Ọlọ́run dá a sí. N kò bá a jà.

Fatáì àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó mọ̀wẹ̀ kó àwọn ọmọdé jáde. Kò sí ọmọ kankan tó ṣòfò. Nígbà tí òjò dá, tí kálukú rí èèyàn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni a kò rí. Fatáì jókòó sínú ẹrẹ̀.

“Ó gbé ọmọ tó kẹ́yìn lé mi lọ́wọ́,” ó ní. “Mo yí padà láti gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, n kò rí i mọ́.”

“Ṣé ó dáhùn nígbà tí mo pè é?”

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ayé ló ń dáhùn.”

Ibẹ̀ ni mo wà títí dòní. Ká ní mo pe Àṣàbí, ẹnì kan ṣoṣo ni ìbá dáhùn, ǹ bá sì mọ ibi tí n ó tukọ̀ sí. Bóyá kò ní lè dáhùn, bóyá omi ti bò ó lẹ́nu kí n tó la ẹnu. Fatáì ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Oyèédélé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀, àwọn ohùn yẹn ni mo ń gbọ́, n ó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, n ó máa wá tirẹ̀.

Àwọn apẹja wá láti ọ̀sà, wọ́n wá a. Àwọn pọ́mpíyẹ̀ tó ń paná wá, wọ́n rì sómi, wọ́n jáde. Omídúdú kò dá a padà. Mo fẹ́ dúró létí omi kí n máa ké orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi ó fi tán. Bàbá Oyèédélé fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

“Má pè é,” ó ní. “Orúkọ ẹni tó wà nínú omi, a kì í pè é létí omi àfi bí a bá ti gba ara rẹ̀. Bí o bá pè é, ìwọ lo fà á lé omi lọ́wọ́ yẹn. Wọn ò ní dá a padà fún ọ mọ́ láé.”

“Bí wọn ò bá sì dá a padà rárá ńkọ́, bàbá?”

Kò dáhùn. Òun tó kọ́ mi pé a kì í fi ìpè sílẹ̀ láìdáhùn. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, òun náà kú, n kò sì rí ẹni tí mo tún lè bi léèrè.

Fatáì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí Nàìjíríà. Mo gbọ́ pé ó ń ta epo bẹntiróòlù lójú ọ̀nà, pé kì í sún mọ́ omi tó ju ti inú gárawá lọ. Èmi dúró. Ta ni yóò dúró bí n kò bá dúró? Bí omi bá fẹ́ dá a padà, ó yẹ kó bá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n létí odò. Mò ń ṣí géètì, mò ń sọ ìtàn dùwánì dípò Bàbá Oyèédélé, àwọn ọmọ ṣì ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Bàtà rọ́bà náà wà nídìí àràbà. N kò jẹ́ kí wọ́n gbé e. Bí àlejò bá ní, “Bàbá, ta ló gbàgbé bàtà síbí?” n ó ní, “Ó ń bọ̀ wá mú un.”

Nígbà tó yá, àwọn àlejò náà dín kù. Wọ́n ti bodè, àwọn ará Nàìjíríà kò wá mọ́. Ọkọ̀ tó kù ya, wọn kò tún un ṣe. Koríko olódòdó bo omi láti etí dé etí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé pápá ni. Payọ́tì wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ ń sùn nínú ilé dùwánì. Mò ń ṣí géètì láàárọ̀, mò ń tì í nírọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé. Oorun sísùn ni mo fi ń gba owó oṣù, ká má parọ́.

Ọkùnrin tí mẹ́rì rán wá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Róméò lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìfọ̀nyìn ni, mo gbé ìyá rẹ̀ kọjá odò nígbà tó lóyún rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Papa, vrémọ́ọ̀, lóòótọ́, ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sinmi lọ́dọ̀ Sàlíù ní Ṣáádà.”

“Ta ni yóò máa wà níbí?”

“Wọ́n ti fún ẹnì kan níbẹ̀, ó fẹ́ kọ́ báà sí i. Bíà tútù, ẹja yíyan, orin. Ibẹ̀ á tún kún, Papa.”

“Ṣé ó mọ̀ pé a kì í pe orúkọ nísàlẹ̀ àràbà?”

Ó wo ilẹ̀. “Àràbà yẹn náà, ẹ má bínú... wọ́n ní wọ́n máa gé e. Kí mọ́tò lè ráyè dúró.”

Mo sọ fún un pé mo gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn kò ti jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí mo bá pè é, mo ti fà á lé omi lọ́wọ́, mo ti gbà pé kò sí ara kankan tí n ó sin. Bí n kò bá pè é, kò sí ẹni tí yóò pè é láé. Wọn ó fi ẹ̀rọ orin ké lé e lórí, wọn ó máa pe orúkọ ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, Róméò, Kríìsì, Jẹnifá, omi ó gbọ́ orúkọ gbogbo ayé àfi tirẹ̀.

Sàlíù gbé alùpùpù rẹ̀ wá lọ́jọ́ tí a fẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Róméò wà ní géètì pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ kọ́ báà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ sódò ná. A dé ìdí àràbà. Mo gbé bàtà rọ́bà náà. Oòrùn ti pa á láwọ̀, ọ̀kan ti ya, aláǹgbá kan sì sá jáde nínú rẹ̀. Mo dì í mú, mo sì rìn dé ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀ lórí omi. Mo la ẹnu.

“Àṣàbí o!”

Ẹyẹ kan fò kúrò nínú koríko. Sàlíù yí ojú rẹ̀ padà. Kò gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

“Àṣàbí! Àṣàbí o!”

Odò dákẹ́. Mo dúró kí ó dákẹ́ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kí ó dákẹ́, kí n lè mọ̀ pé ó ti parí, kí n yí padà kí n máa lọ.

Ìgbà náà ni ohùn obìnrin kan jáde láti òdìkejì, láàárín oko ẹ̀gẹ́, níbi tí n kò ti lè rí i. Àgbà ni, ó dájú, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ òfin yẹn mọ́. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ń ké létí odò, ó sì ṣe ohun tó yẹ.

“Ó ń bọ̀ o!”

Sàlíù di apá mi mú.

“Papa, ta nìyẹn?”

“N kò mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa, ẹ ti pè é. Ẹ jẹ́ ká lọ, àwọn èèyàn yẹn ń retí wa ní géètì.”

Mo jókòó sílẹ̀ létí omi, mo gbé bàtà náà lé itan.

“Papa, ẹ dìde. Ẹ wo ojú ọ̀run, òjò ti ṣú.”

“Kó máa rọ̀,” ni mo wí. “Wọ́n ti ní ó ń bọ̀.”